Garawa Kan fún Afẹ́fẹ́ Idigny

Sí Ọ̀gá Àgbà àjọ ojú ọjọ́ Météo-Bénin, ní Kútọnu.
Ẹ̀dà rẹ̀ sí Mẹ́ẹ̀rì Kétu, àti sí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé mi ní Idigny ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí. Láti bí ọjọ́ márùn-ún tí ọyẹ́ ti dé ni òwúrọ̀ ti ń mọ́ ní funfun, tí oòrùn ń yọ bí owó ẹyọ tó bọ́ sínú ògì. Ọmọ ọmọ mi, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò lọ sí iléèwé lónìí. Bó bá mí sínú, àyà rẹ̀ á súfèé. Bó bá mí síta, á tún súfèé. Ikọ́ fée ni.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì sídìí oko àgbàdo àti ilé oyin mẹ́rin. Mi ò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, mi ò sì mọ̀ nípa ojú ọjọ́ ju bí àgbẹ̀ ṣe ń mọ̀ ọ́n lọ. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín kéré débi tó lè pa yín lẹ́rìn-ín: garawa oníke kan, tó ní ọmọrí, tí wọ́n lu ihò sí láàárín. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àìsàn yìí máa ń gbé ọmọ náà. Ìgbà kìíní ni ìgbà ọyẹ́, bí irú ìsinsìnyí. Ìgbà kejì kò bá ọyẹ́ tan rárá: nígbà tí àgbàdo òjò àkọ́kọ́ bá ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ni, tí koríko etí ọ̀nà náà sì ga ju orí ọmọdé lọ. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan nígbà ọyẹ́, wọ́n ní eruku ni. A tún gbé e padà lọ nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ti pa gbogbo eruku mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn ló dá wa lóhùn, ó ní otútù ni. Oògùn kan náà ni wọ́n fún wa nígbà méjèèjì. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù Kẹfà ọ̀hún. Ọmọ kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dá a padà fún wa; kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú, àyà rẹ̀ ti tún ń súfèé.

Eruku wà ní Kútọnu. Otútù wà ní Kútọnu. Èéfín àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zẹ́mìjáǹ níbẹ̀, àwa ò ní ìdá kan nínú ogún rẹ̀ níbí. Kí ló wá wà nínú afẹ́fẹ́ Idigny tí kò sí nínú ti Kútọnu?

Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n sùn. Ẹni tó bá ti ṣe olùkọ́ rí mọ bó ṣe máa ń rí. Mo wá dígí pẹlẹbẹ méjì, mo fi Vaseline pa ojú wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo kan ọ̀pá mọ́ etí oko àgbàdo mi, ní ibi tí imú ọmọ náà máa ń tó bó bá dúró, mo so dígí kan mọ́ ọn. Mo so èkejì mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́bàá ọjà. Kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ kejì, mo fi ike bò wọ́n, mo gbé wọn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní yunifásítì, ó sì bẹ olùkọ́ rẹ̀ kí a lè fi maikirosíkóòpù wò wọ́n.

Dígí ti ọjà: iyanrìn, èéfín, òwú aṣọ, àti ìyẹ́ kòkòrò kan. Dígí ti etí oko: ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n da ẹyin ẹja sí i. Róbótó, róbótó, gbogbo rẹ̀ rí róbótó, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ihò kékeré kan ṣoṣo lára bí ìdodo. A bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n, ó sú wa, a fi í sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo inú maikirosíkóòpù, ó gbé orí sókè, ó ní, "Bàbá, àgbàdo yín mà nìyí."

Àgbàdo mi ni lóòótọ́, àti koríko. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ni. Ẹni tó bá ń sin oyin kò nílò kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún un: ohun tí oyin máa ń dì mọ́ itan wálé ni, òmíràn pupa bí epo, òmíràn funfun bí ẹ̀kọ. Òun ni omi ọkùnrin ewéko. Ó gbọ́dọ̀ dé orí abo òdòdó kí èso tó so, ọ̀nà tí igi kọ̀ọ̀kan sì fi ń rán an yàtọ̀ síra. Àwọn kan ń lo alárinà: oyin, labalábá, àdán. Alárinà kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tí òdòdó wọ̀nyẹn fi ń kun ara, tí wọ́n ń ta sánsán, tí wọ́n sì ń pèsè oúnjẹ sílẹ̀. Àwọn mìíràn fi ọ̀rọ̀ ìyàwó lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Àwọn yẹn kì í náwó lórí ẹwà, iye ni wọ́n ń náwó lé. Ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan ṣoṣo lè tú lẹ́búlẹ́bú tó ju mílíọ̀nù kan lọ dànù, nígbà tí irun àgbàdo tó ń dúró dè é kò ju ọgọ́rọ̀ọ̀rún mélòó kan lọ. Àwọn koríko wa, ẹ̀kan, èèsún, bẹẹrẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ìrókò pàápàá wà lára wọn: akọ igi yàtọ̀, abo igi yàtọ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń rìn láàárín wọn. Àwọn àgbà máa ń sọ fún wa ní kékeré pé nǹkan ń ti inú ìrókò jáde. Mo bá wọn jiyàn nígbà yẹn. N ò bá wọn jiyàn mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ wá sí oko mi nínú oṣù Kẹfà, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, nígbà tí ìrì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ. Ẹ fi ìka ta ìrùkẹ̀rẹ̀ kan. Ẹ ó rò pé ẹnì kan ń jọ èlùbọ́ lókè orí yín ni. Ó ń bà lé ewé, ó ń bà lé ẹ̀yìn ọwọ́, ó ń yí omi inú igbá padà sí àwọ̀ ìyeyè. Ti àgbàdo tóbi nínú irú rẹ̀, ó wúwo, kì í sábà rìn jìnnà sí etí oko kó tó balẹ̀. Ti koríko kéré jù ú lọ, ìyẹn lè bá afẹ́fẹ́ jáde ní Idigny kó má balẹ̀ títí ó fi kọjá Ìmẹ̀kọ. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ilé tó wà létí oko àti ilé tó wà lẹ́bàá ọjà lè wà nínú ìlú kan náà kí afẹ́fẹ́ wọn má sì jọra.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Dókítà kan wà ní Manchester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Blackley lorúkọ rẹ̀, ó tẹ ìwé kan jáde ní 1873 lórí àìsàn tó ń bá òun gan-an jà. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá ti dé, imú rẹ̀ á máa ṣomi, ojú á máa yún un. Àwọn kan ní ooru ló fà á, àwọn kan ní òórùn koríko gbígbẹ ni. Blackley kó lẹ́búlẹ́bú koríko, ó fà á símú, ó sì fi ara rẹ̀ jìyà dáadáa. Nígbà tó dá a lójú tán, ó fi ohun tó ń lẹ̀ pa dígí, ó ń gbé e síta, ó ń ka ohun tó bà lé e lójoojúmọ́. Ó so òmíràn mọ́ ẹyẹ bébà, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fi okùn mú fò, ó sì bá lẹ́búlẹ́bú pàdé lókè réré. Ó gbé dígí sí ẹ̀yìn ìlú, ó gbé sí àárín ìgboro: ti ìgboro kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀yìn ìlú. Vaseline tí mo fi ṣe fújà fún yín lókè yẹn, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ayé wá ń lò jù lónìí, ìdí iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ti wá, kò wá láti ọwọ́ dókítà. Ní 1952, J. M. Hirst ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá bí yóò ṣe mú irúgbìn àrùn tó ń jó ewé ànàmọ́ òyìnbó nínú afẹ́fẹ́. Irú ẹ̀rọ rẹ̀ tí wọ́n ń lò lónìí ń fa afẹ́fẹ́ lítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, tó súnmọ́ iye tí èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí. Afẹ́fẹ́ yìí á gba ojú ihò tóóró kan wọlé, á kọlu téèpù tí wọ́n fi ọ̀rá pa, téèpù ọ̀hún sì ń rọra yí ní mìlímítà méjì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀sẹ̀ fi pé. Ẹni tó bá ń ka téèpù náà lè wá sọ pé: ní Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́wàá sí méjìlá, báyìí ni koríko ṣe pọ̀ tó nínú àpótí afẹ́fẹ́ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan.

Kí ẹ̀yin ará Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ikọ́ ọmọ ni gbogbo rẹ̀: irúgbìn àrùn inú afẹ́fẹ́ ti jẹ wá níyà rí. Ní 1949, àrùn àgbàdo kan tó ti Amẹ́ríkà wá yọ ní Sierra Leone, tó ń mú ewé dà bí irin tó dógùn-ún. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó ti gba gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá, ó ti dé ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ ló gùn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ìwádìí sílẹ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn, torí rẹ̀ nìkan. Ẹ̀rọ tó ń mú lẹ́búlẹ́bú yóò mú irúgbìn irú àrùn bẹ́ẹ̀ lórí téèpù kan náà. Ní Spain àti Ítálì, iye lẹ́búlẹ́bú ólífì tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń sọ bí ìkórè yóò ṣe rí kí èso tó gbó.

Ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ Hirst kì í ṣe kékeré, ó ń fẹ́ iná, ó sì ń fẹ́ ẹni tó máa jókòó ti maikirosíkóòpù lójoojúmọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kan ka gbogbo ibùdó tó ń ka lẹ́búlẹ́bú láyé ní 2018, 879 ni wọ́n rí, èyí tó ju ìdajì lọ sì wà ní Yúróòpù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni South Africa bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ìlú méje. Tiwa ń kọ́? Ilé ìwòye ńlá yín mẹ́fà, Kútọnu, Bohicon, Ṣábẹ̀ tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, Parakou, Natitingou àti Kandi, kò sí èyí tó wà lórí òkè Kétu nínú wọn. Ẹ ń wọn òjò ní Kétu, a dúpẹ́. Lórí rédíò, mo máa ń gbọ́ bí ooru ṣe máa tó, àti ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti fẹ́ wá. Ohun tí afẹ́fẹ́ náà rù, n ò gbọ́ ọ rí.

Garawa tí mo ń tọrọ nìyí. Henrik Tauber, ará Denmark, ló gbé irú rẹ̀ kalẹ̀, àwọn onímọ̀ Nàìjíríà sì ti tún un ṣe sí bí ọwọ́ wọn ṣe mọ. A ó ri garawa mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e, ẹnu rẹ̀ yóò yọ sókè. A ó da glycerine sí i kó má gbẹ, a ó da formalin àti phenol díẹ̀ sí i kí kòkòrò má jẹ ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀. A ó de ọmọrí rẹ̀, ihò àárín ọmọrí sì ni ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn oṣù kan, a ó sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ásíìdì fọ̀ ọ́ ní yàrá ìwádìí, wọ́n á sì wo ohun tó kù. Àléébù rẹ̀ wà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: garawa yóò sọ ẹni tó kọjá, kò ní sọ iye tí ọmọ kan mí símú ní aago mẹ́wàá. Òjò líle á yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ orúkọ àlejò, ṣé wákàtí tó dé ló máa kọ́kọ́ bèèrè?

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì ní agbègbè wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Margaret Adebisi Sowunmi ní Yunifásítì Ìbàdàn ti tẹ àpèjúwe lẹ́búlẹ́bú àwọn igi Nàìjíríà jáde láti 1973, ìwé tí gbogbo ẹni tó ń wo maikirosíkóòpù ní agbègbè yìí ń ṣí wò. Ní Nsukka, Agwu àti Osibe kó ohun tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ jọ láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin 1990. Adekanmbi àti Ogundipe ṣe tiwọn nínú ọgbà Yunifásítì Èkó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010. Essien àti Agwu ṣe ti Anyigba ní ìpínlẹ̀ Kogi. Èyí tó wù mí jù ni ti Adeonipekun àti John, tí wọ́n kó eruku ọyẹ́ ní Ayétòrò-Ìtẹ̀lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀tà, tí wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ jáde ní 2011. Eruku tó ń mú wa wúkọ́ ní àkókò yìí kì í ṣe iyanrìn lásán. Ìgbà tí dókítà náà sọ fún wa pé eruku ni, ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Kò kàn sọ ohun tó wà nínú eruku ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ rí nínú iṣẹ́ gbogbo wọn ni pé ibi kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Koríko àti ọ̀pẹ kò yọ ibìkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà yà. Etíkun ní filao, tí wọ́n gbìn lọ bẹẹrẹbẹ láti Kútọnu sí ìhà Wídà, afẹ́fẹ́ sì ni filao ń lò. Ní Idigny, ẹyọ filao kan ṣoṣo ni mo mọ̀, ọgbà àlùfáà ló wà, kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni lára. Afẹ́fẹ́ Kútọnu ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún ń ti orí òkun wá. Kò kọjá lórí oko àgbàdo ẹnikẹ́ni kó tó wọ imú wọn. Ti Idigny ti gba orí igbó, pápá àti oko kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo rò pé ìdí tí ọmọ náà fi sinmi ní Kútọnu nìyẹn. Mo ní mo rò. Bí garawa bá wà, n kò ní máa rò.

Ẹ̀rí tún wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ pé afẹ́fẹ́ wa ní ìtàn tirẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú kì í tètè jẹrà bó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀ adágún. Ní adágún Sélé, ní ìsàlẹ̀ odò Ouémé, Ulrich Salzmann àti Philipp Hoelzmann wa ẹrẹ̀ jáde, wọ́n sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ìpele ìpele. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2005 fi hàn pé igbó kìjikìji ló bo gúúsù ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, àti pé ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni igbó náà já lójijì, tí pápá sì wọlé. Ibi tí igbó ti já yẹn, láti ilẹ̀ Ghana dé ẹnu ààlà Nàìjíríà, orí rẹ̀ ni àwa ará Kétu kọ́lé sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Monique Tossou ti Yunifásítì Abomey-Calavi náà ti ṣiṣẹ́ lórí lẹ́búlẹ́bú inú ẹrẹ̀ gúúsù Benin, ó sì ti ṣiṣẹ́ lórí ti inú oyin. Ó máa ń wù mí nígbà míì kí orí òkè gbígbẹ tiwa yìí ní adágún kan tó ti pẹ́. Ẹrẹ̀ rẹ̀ ì bá ti pa ọdún 1886 mọ́, nígbà tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn èèyàn lọ, tí igbó sì gba oko wọn. Àgbàdo á dín kù nínú ẹrẹ̀ náà, koríko á pọ̀ sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè pa ìtàn náà dà.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì yín yóò sọ. Yóò ní àìsàn òyìnbó ni eléyìí, pé ibà ló ń pa ọmọ wa. Mo gbà pé ibà ló ń pa wọ́n jù. Mo tiẹ̀ mọ̀ pé Blackley gan-an kíyè sí i pé àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé inú koríko kì í sábà ṣàìsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Kumasi, ilẹ̀ Ghana, àwọn oníṣègùn mú àwọn ọmọ iléèwé sáré ní 1993, wọ́n ka iye àwọn tí àyà wọn há. Wọ́n padà lọ ṣe é ní 2003. Láti nǹkan bí ọmọ mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti di márùn-ún. Àwọn ọmọ olówó ìgboro ló pọ̀ jù níbẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní yìí kì í ṣe ọmọ olówó, ìgboro ló sì ti ń gbádùn. Ohun tí Kumasi rí lè má bá tiwa mu. Bóyá kì í tilẹ̀ ṣe àgbàdo, bóyá ẹ̀kan ni, bóyá irúgbìn olú tó ń hù lára pòpórò tó rà ni. Kí wọ́n wá fi ti Manchester tàbí ti Kumasi sọ tiwa fún wa, ìyẹn ni n kò gbà.

Ẹ tún rántí Melbourne, ní Australia. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá 2016, ìjì òjò kan jà nígbà tí lẹ́búlẹ́bú koríko kún inú afẹ́fẹ́. Ọ̀rinrin a máa fọ́ lẹ́búlẹ́bú sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà a sì máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ju odidi lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sáré lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ kan, èèyàn mẹ́wàá ló kú. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, wọ́n rí i, nítorí pé wọ́n ti ń ka koríko wọn láti ọdún pípẹ́. Àwa náà ní ìjì òjò. Bí irú rẹ̀ bá jà níbí, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé koríko ni. Wọ́n á wá àjẹ́ tí wọ́n máa dì í rù, a sì mọ àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Bí mo ṣe rò ó nìyí. Garawa kan ní iléèwé Idigny, òmíràn ní ìgboro Kétu nítòsí Àkàbà Ìdènà, òmíràn létí igbó ìjọba ní Dogo, òmíràn lórí òrùlé yín ní Kútọnu kí a lè fi wé ara wọn. Ẹ má gbé ti Idigny sórí òrùlé o. Ní Yúróòpù, orí ilé gíga ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ wọn sí, torí wọ́n fẹ́ mọ ohun tó wà lórí gbogbo ìlú; koríko sì máa ń pọ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ. Ọmọ wa kì í mí lórí òrùlé. Kí ọdún kan pé, kí ọyẹ́, òjò àkọ́kọ́ àti òjò àròkúrò kọjá lórí wọn. Iṣẹ́ maikirosíkóòpù, ẹ gbé e fún Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Kétu ní 2013. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ohun tí wọ́n máa kọ ìwé àṣejáde lé lórí kò wọ́n níbẹ̀. Mẹ́ẹ̀rì kò ní í ná ju owó garawa àti owó epo ọ̀kadà ẹni tí yóò máa kó wọn lọ. Bí ọdún kan bá pé tí a rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ wá ẹ̀rọ Hirst kan, kí ẹ fi iná oòrùn gbé e. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì sí, kí ẹ kọ ọ́ síwèé pé kò sí, kí n lè wá ohun mìíràn tó ń ṣe ọmọ yìí.

Ẹ̀tàn kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó máa kà á mọ̀ ṣáájú. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, gbogbo koríko jọra: róbótó, ihò kan. Èèsún kò yàtọ̀ sí ẹ̀kan. Títóbi ni wọ́n fi ń dá àgbàdo mọ̀. Ọ̀pẹ ni kò ṣeé ṣì mọ̀, ojú rẹ̀ là sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìrókò sì kéré gan-an, ó ní ihò méjì. Nítorí náà, kí ẹni tó ń kà á má jókòó sí Kútọnu kó máa méfò. Kó wá bá wa, kó béèrè èyí tó ń tanná lóṣù yìí lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń lọ já ewé àti àwọn darandaran. Èmi náà ní ìwé kékeré kan tí mo ti ń kọ ọjọ́ tí igi kọ̀ọ̀kan tanná sí nítorí oyin mi, ọdún keje rèé. Mo yá yín.

Mo ti gbẹ́ ihò ti Idigny sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà iléèwé, ó jìnnà díẹ̀ sí igi, ó sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń dáná. Ọmọ yìí ló bá mi to òkúta yí i ká lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ le, torí ewúrẹ́. Bí òjò bá tètè dé, àárín oṣù Kẹta ni a ó gbin àgbàdo, yóò sì yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, kí garawa náà dé kó tó yọ.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ àná tó di àgbẹ̀, Idigny.